Ìtàn Ajá tó Ní Òpin Méjì ní Ipele

Nínú ìwé kan ṣoṣo tó wà ní Ipele, ajá kan náà padà sílé láyọ̀, ó sì tún kú sínú igbó.

Akọ̀ròyìn ni mí; ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ wo ìwé náà, bóyá mo lè rà á. Ìwé ìtàn ajá tí wọ́n tẹ̀ láyé àtijọ́ ni mo máa ń kó jọ. Ìyàwó mi ní a ò sin ajá kankan l'Ọ́wọ̀, síbẹ̀ ajá ti gba yàrá mọ́ wa lọ́wọ́. Ti Ipele yìí wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Aṣọ pupa ni wọ́n fi bo ẹ̀yìn rẹ̀. Àtúntẹ̀ lásán ni tèmi.

Ìyá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá náà àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àgbẹ̀ ní Elegbeka, ni wọ́n jọ jogún rẹ̀, ẹnì kan ò lè dá a tà. Ikán ti jẹ àwọn ojú ìwé tó kẹ́yìn kí wọ́n tó bí àwọn méjèèjì.

Ìyá ní, "Bàbá wa ló ń kà á fún mi. Ajá náà padà sílé, ó ń ju ìrù."

Àbúrò rẹ̀, tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa tan ara yín jẹ! Ẹkùn ló pa á níbi tó ti ń gbèjà ọ̀gá rẹ̀. Bàbá kà á fún mi lóko."

"Ojú ìwé tó ti wà níkùn ikán ni Bàbá kà fún ọ lóko?"

"Èwo ni wọ́n wá kà fún ẹ̀yin?"

Wọ́n wo ara wọn. Bàbá ti fúnra rẹ̀ hun òpin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ìyá ní, "Tèmi ló ṣáájú. Èmi ni àgbà."

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti yọ̀: mo ní odindi ìwé náà wà nílé mi.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ajá náà?" Àwọn méjèèjì ló bi mí pa pọ̀.

Nínú ìwé tèmi, ajá náà ò kú, kò sì padà sílé. Ọ̀gá mìíràn ló bá lọ. Mo ní mo ti gbàgbé.

"Akọ̀ròyìn tó ń gbàgbé!" ni àbúrò wí.

Wọn ò gbà pé mo ti gbàgbé; wọ́n bá pe olórí ẹbí wọn ní Ifọn lórí fóònù. Olórí ẹbí náà ní kí n gbé ìwé mi wá síbi ìpàdé ẹbí ní Sátidé, kí n ka òpin rẹ̀ sókè. Bó bá tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn, wọn á ta tiwọn fún mi. Bí kò bá tẹ́ ẹnì kan lọ́rùn, ìwé ò ní kúrò ní Ipele. Ó tún ní ẹnì kan máa jókòó tì mí, kí n má baà fo ojú ìwé kankan.