Bàtà Sójà Tí Mo Wọ̀ Lọ Sílé Àna Ní Ìgbẹmọ

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi l'Adébáyọ̀ nílùú Adó, tí mò ń rọ àjákù léèsì sínú bàtà tí kì í ṣe tèmi. Bàtà sójà ni, dúdú, ó ga dé àárín ojúgun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí págunpàgun bíi táyà katakata. Gbọ́yè ọ̀rẹ́ mi ló ni ín. Ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ló ti ń ṣiṣẹ́, bàtà yìí ló sì máa ń wọ̀ kí igi má baà já lé e lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi ju tèmi lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi léèsì dí àyè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń lọ ṣe. Bùnmi, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya, ti ránṣẹ́ láti Ìgbẹmọ pé bàbá òun fẹ́ rí mi, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò balẹ̀. Ẹnìkan ti sọ fún wọn pé aṣọ obìnrin ni mò ń rán, pé ṣòkòtò mi máa ń fún, pé mo ní bàtà pupa ẹlẹ́nu ṣóńṣó, pé mò ń ta pọ́dà sọ́rùn. Irọ́ kọ́ o, gbogbo rẹ̀ ni mò ń ṣe. Wọ́n wá bi Bùnmi pé, "Ṣé kì í ṣe àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin nìyẹn?" Bí mo bá lọ bí mo ṣe máa ń múra, Bùnmi bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mo ní kí n yáa lọ bí akọ.

Ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín láàárọ̀ ọjọ́ náà ni pé, nínú àwa méjèèjì, Gbọ́yè gan-an ni ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Ó ti pẹ́ tó ti sọ fún mi. (Gbọ́yè kọ́ lorúkọ rẹ̀. Òun ló ní kí n kọ ìtàn yìí, òun náà ló yan orúkọ tí mo fi pè é.)

"Ẹ gbà mí! Ìwọ tóo ń fẹ́ obìnrin lo ń yá bàtà akọ lọ́wọ́ èmi," ló wí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín. "Kí ni kí èmi wá wọ̀?"

Mo fún un ní bàtà pupa mi. Gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ síta lẹ́yìn bí ìdí ewúrẹ́ tó fẹ́ wọ agbọ̀n adìẹ. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í dá lọ sílé àna, òun ló sì máa sìn mí lọ.

Ogún náírà lowó ọkọ̀ ẹnìkan nígbà náà. Àwa mẹ́rin fún ara wa pọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ Píjò kan, àwọn méjì wà níwájú. Ọ̀nà dára títí dé Ìwòròkó. Nígbà tí a yà, kòtò bẹ̀rẹ̀. Oko ìrẹsì wà lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì sá ìrẹsì sétí ọ̀nà ọ̀dà bí àwa ṣe ń sá láfún sórí àpáta l'Adó.

Awakọ̀ ń wo ẹ̀yìn nínú jígí. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni oníbàtà pupa, níbi tí ẹ ń lọ yìí, ọkọ ni ẹ fẹ́ ṣe àbí ìyàwó?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó tún ní, "Àwọn tó ń fẹ́ ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn, bàtà wọn nìyẹn! Ẹ wo ẹnì kejì rẹ̀ ná, ọkùnrin rèé! Bàtà yẹn nìkan tó gba ìyàwó méjì."

Inú mi dùn. Mo fi bàtà sójà kilẹ̀ ọkọ̀ gbì gbì, mo ní, "Ẹ bá mi bi í o, awakọ̀! Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti sú mi!" Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Gbọ́yè fẹnu sí mi létí. "Bàtà ta lo wọ̀ yẹn?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Gbọ́yè kọjú sí oko ìrẹsì títí a fi dé Ìgbẹmọ.

Bàbá Bùnmi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyàwó wọn ń fẹ́ ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ní, "Ẹ kú àbọ̀ sí ulé." Wọ́n ti tẹ́ ẹní sílẹ̀. L'Adó, ẹni tó bá fi bàtà dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa rí i sọ. Nílé àna, ìwọ̀sí ni. Mo bẹ̀rẹ̀ mo tú okùn, mo fa bàtà. Kò yọ. Léèsì ti ràn mọ́ òógùn ẹsẹ̀ mi.

Bàbá wò mí títí. "Ṣé o kò ní kí wa ni?"

"Mò ń bọ̀, sà."

Gbọ́yè di gìgísẹ̀ mú, ó fà, ó fa èmi àti bàtà kọjá lórí ẹní. Bùnmi sáré jáde, ó gbá mi mú lábẹ́ apá. Ìyá rẹ̀ da epo pupa sínú bàtà, wọ́n ní, "Ẹ fà á, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹni ń fa usu nínú ebè!" Bàtà yọ, ó fò, ó bọ́ sínú atẹ ìrẹsì. Léèsì tú jáde lẹ́nu rẹ̀: aláwọ̀ osùn, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ojú ọ̀run, gbogbo àjákù bùbá ìyàwó àwọn olówó Adó. Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ kan.

"Kí lèyí?" ni bàbá wí.

Mo lè purọ́. Mo wo Gbọ́yè, n kò lè ṣe é. Mo ní, "Bàbá, n kò ní bàtà yìí. Ọ̀rẹ́ mi ló ni ín. Èmi ni mo ni pupa tó wọ̀ yẹn. Mò ń wọ̀ ọ́ torí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Bùnmi ni mo sì fẹ́."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe Gbọ́yè, wọ́n yẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò. "Ọkùnrin nìyí! O ti níyàwó? Ọmọ àbúrò mi kan ń bẹ nílé."

Gbọ́yè ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè." Bùnmi sá wọlé lọ rẹ́rìn-ín. Èmi bu ètè jẹ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ̀jẹ̀.

Bàbá wá sọ ìpinnu wọn. Bí ìrẹsì bá gbó, kí n kó àwọn ọ̀rẹ́ mi wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna fún wọn. "Wọ bàtà tó bá wù ọ́. Ọwọ́ rẹ ni màá wò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rẹ́ rẹ yìí ò bá sí níbẹ̀, má wulẹ̀ wá."

Ẹni tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ ni Bùnmi wá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a ń dúró de ọkọ̀ lábẹ́ igi, mo ní, "Mo rẹ́rìn-ín láàárọ̀. Ohun tí mo ṣe kò dára. Má bínú, ọ̀rẹ́ mi."

"O rẹ́rìn-ín ju awakọ̀ lọ."

"Mo mọ̀."

"Awakọ̀ ò mọ̀ mí. Ìwọ mọ̀ mí." Ọkọ̀ méjì kọjá, kò nawọ́ sí ìkankan. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màá bá ọ gé ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa kọ ọmọ àbúrò bàbá yẹn fún mi."

Ẹ̀rín pa wá débi pé a ò lè dá ọkọ̀ kẹta dúró.

Ìrọ̀lẹ́ la dé Adébáyọ̀. Àwọn oníbàárà mi ń dúró, wọ́n ní báwo nilé àna? Mo ní wọ́n gbà mí, ó ku ọ̀wẹ̀ ìrẹsì. Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹ̀rù ló sọ mí di ẹlẹ́yà èèyàn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe aṣọ. Ẹ̀rù yẹn ṣì ń bẹ lára mi díẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ irú yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, mo máa ń dá ẹ̀rọ dúró, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹ ń bá wí?"