Sátidé Tí Dádì Mi Ń Dín Páńkéèkì

Dádì mi kì í da òróró sí páńkéèkì. Wọ́n á gbé páànù irin kaná, wọ́n á fi bọ́tà díẹ̀ pa á lójú, ó tán. "Àkàrà kọ́ nìyí," ni wọ́n máa ń wí. Ìyá kan, ará Skọ́tláǹdì, tó gbà wọ́n sílé nígbà tí wọ́n ń kàwé lọ́hùn-ún láyé ọjọ́un, ló kọ́ wọn: fúláwà, ẹyin, mílíìkì, ṣúgà díẹ̀, àti páúdà tó ń mú kéèkì wú. Wọ́n á pò ó kó ki, wọ́n á máa fi ṣíbí bù ú sójú páànù, roboto roboto, kò ní í tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Bí ihò kéékèèké bá ti ń yọ lójú rẹ̀, wọ́n á yí i padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó bá jinná, inú aṣọ ìnuwọ́ tó mọ́ ni wọ́n ń wé e sí, kó má baà gbẹ. Bọ́tà àti jáàmù la fi ń jẹ ẹ́.

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, lẹ́yìn tí màmá mi kú, mo mú Dádì kúrò n'Ìbàdàn wá sílé wa ní Glenn Dale, ní Maryland lókè òkun. Àbẹ̀wò kọ́ ni mo ní lọ́kàn. Mo fẹ́ kí wọ́n wá gbé ọ̀dọ̀ wa ni, títí ọjọ́ alẹ́ wọn. Èmi nìkan ni wọ́n bí, wọ́n sì ń dá sùn nínú ilé ńlá. Nọ́ọ̀sì ni mí. Bí mo bá ń gbé bàbá ẹlòmíràn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, Dádì mi ni mò ń rò. Mo pinnu pé tèmi kò ní í dá gbé.

Wọ́n dé, wọ́n jókòó. Gbogbo iṣẹ́ wọn náà nìyẹn. Ládùúgbò wa, bí èèyàn ò bá ní mọ́tò, ẹlẹ́wọ̀n ni. Kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn àfi ẹni tó ń fa ajá. Èmi wà níbi iṣẹ́, ọkọ mi wà ní ọ́fíìsì, ọmọ wa obìnrin wà nílé ìwé. Dádì á wẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á de bẹ́líìtì, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á wá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí wọn ò wò. Bí mo bá béèrè, wọ́n á ní àwọn wà dáadáa. Irọ́ ni. Ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ẹni tí gbogbo ilé ìwé ń dúró dè kí agogo tó lù. Mo mọ bàbá mi.

Láàárọ̀ Sátidé kan, mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, òórùn bọ́tà ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Dádì wà nídìí sítóòfù, wọ́n ti ká apá ṣẹ́ẹ̀tì. Ọmọ mi gun àga, ó ń wo ojú páànù, wọ́n ń sọ fún un pé kò tíì yá, kó ní sùúrù. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, lọ fọwọ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ló ń kọ́kọ́ jẹ." Ìdúró ni mo ti jẹ ẹ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti se oúnjẹ dè mí. Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí, mo yíjú sí ògiri.

Bí Sátidé ṣe di ọjọ́ Dádì nìyẹn. Láti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti ń béèrè bóyá mílíìkì ṣì kù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa. Wọ́n tilẹ̀ ní kí n bá àwọn wá irúgbìn ẹ̀fọ́, pé àwọn máa gbìn ín sẹ́yìnkùlé bí ooru bá dé. Ẹni tó ń ro ẹ̀fọ́ tí kò tíì gbìn kò ro àtilọ. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọkọ mi nìkan ni ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́ ni, wàhálà mi sì nìyẹn. Bí Dádì bá gbé abọ́ síwájú rẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì kíṣìnì, páńkéèkì á tutù kó tó dìde. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n gbègún." Dádì á ní, "Dìde kí o jẹun jàre." Á wá máa jẹ ẹ́ bí ẹni tó jí i.

Àfìgbà tí bàbá kan nínú ìjọ wa yà wá láàárọ̀ Sátidé, tó bá Dádì pẹ̀lú épúróònù mi lọ́rùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ fún ọkọ mi pé, "Ìwọ lo gbayì jù ní Maryland. Àna rẹ ló ń dáná fún ọ." Àwàdà ló fi ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ ọkọ mi lákínyẹmí ara.

Nígbà tó di Sátidé kejì, kí Dádì tó sọ̀ kalẹ̀, ọkọ mi ti wà nídìí sítóòfù. Ó ti ra fúláwà inú páálí, èyí tí wọ́n ti po gbogbo nǹkan mọ́ra wọn tán, tó jẹ́ pé omi lásán lèèyàn máa dà sí i. Ó rọ òróró sí páànù bí ẹni tó fẹ́ dín ẹja. Dádì wọlé, wọ́n ti ká apá ṣẹ́ẹ̀tì. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. "Dádì, ẹ lọ jókòó. Láti òní lọ, ẹ ti sinmi iṣẹ́ kíṣìnì. Èmi ni màá máa ṣe é fún yín."

Wọ́n wo òróró yẹn. Mo retí pé wọ́n á sọ̀rọ̀. Wọ́n tú apá ṣẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀, wọ́n de bọ́tìnnì rẹ̀, wọ́n lọ jókòó. Nígbà tó gbé e wá, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ó dùn."

Mo fa ọkọ mi lọ sí gáréèjì ilé wa, níbi tí a ń gbé mọ́tò sí, mo bá a jà. Mo ní, ṣé o ò rí i pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní nìyẹn? Ó yà á lẹ́nu. Ó ní, "Kí n jókòó, kí bàbá rẹ máa sìn mí? Bí bàbá mi bá wà láyé, ṣé o máa gbà kí wọ́n máa fọ abọ́ fún ọ?" Mo mọ̀ pé mi ò ní í gbà. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ká ní èèyàn burúkú ni, ǹ bá mọ bí màá ṣe bá a fà á. Ìfẹ́ ló fi gba ṣíbí lọ́wọ́ wọn.

Mo bẹ Dádì pé kí wọ́n máa dín in lọ́jọ́ míì, tí ọkọ mi kò bá sí nílé. Wọ́n ní rárá. "Mi ò ní í máa fara pamọ́ dáná nínú ilé ọkọ ọmọ mi." Wọn ò dárúkọ ẹ̀fọ́ mọ́. Ooru kò tíì dé tí wọ́n fi pè mí jókòó, tí wọ́n ní, "Àjò ò dùn kí onílé má relé." Mo sunkún, mo fa ọ̀rọ̀ títí, wọ́n kàn ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn.

Ní pápákọ̀ òfurufú, ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ láàárín èrò, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Dádì gbé e dìde, wọ́n súre fún un tọkàntọkàn. Wọn ò bínú sí i. Èmi ni mò ń bínú, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo ra káàdì ìpè tó ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, mo pè wọ́n n'Ìbàdàn. Mò ń gbọ́ ariwo ọmọdé. Wọ́n ní ọmọ àwọn aládùúgbò ni, páńkéèkì ni wọ́n ń dúró dè, kí n sọ̀rọ̀ kíá kó má baà jóná. Ohùn wọn le. Mo ní ilé ti dá, mo ní ọmọ mi ń béèrè wọn, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n padà wá.

Wọ́n ní, "Kí n wá máa ṣe kí ni, ọmọ mi?"

Wọn ò fi bú mi. Wọ́n ń béèrè ni, wọ́n sì dúró kí n dáhùn. Mo di fóònù mú, mò ń wá èsì, títí àsìkò orí káàdì náà fi tán.