Òfin Kẹrin Lára Ògiri Ilé Búrẹ́dì

Ọgbọ̀n ọdún ni obìnrin kan ti fi ń kọ̀wé sára ògiri, kò sì sí ẹni tó rí i rí kí lẹ́tà rẹ̀ kan ṣoṣo wọ́. Akọ̀wé Ògiri ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí bàbá náà ń kú lọ, ó fi búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ kan lé e lọ́wọ́, ó fi okùn tí wọ́n ń fi ẹfun pa láti fa ìlà kún un, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan dé e lórí: "Ohun tí oníbàárà bá wí ni kó o kọ. Ọwọ́ kì í bi ẹnu léèrè."

Ó gbọ́ràn, àgbọ́yé ni. Ó kọ "Oògùn tó ń wo gbogbo àìsàn" sára ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń wúkọ́ bí ewúrẹ́ ní gbogbo ìgbà tó fi ń kọ ọ́. Ó kọ "A kì í rẹ́ni jẹ níbí" síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó so òkúta mọ́ ìsàlẹ̀ òṣùwọ̀n. Á rẹ́rìn-ín sínú, á fọwọ́, á gbalé lọ. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, olówó irọ́ ló ni ín. Tirẹ̀ ni kí ìlà gún.

Nígbà tó wá di Ọjọ́rú kan, ọkùnrin tó ni ilé búrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀ òpópónà ránṣẹ́ sí i. Alàgbà ni wọ́n ń pè é, torí ipò rẹ̀ nínú ìjọ, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára bí awọ. Ó ní òun fẹ́ kó kọ Òfin Mẹ́wàá gàdàgbà sára ògiri yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun. Orí obìnrin náà wú. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún oògùn àti òṣùwọ̀n, ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe irọ́ wá a wálé! Ní ọ̀nà ilé, ó ti ń ka lẹ́tà, ó ti ń pín in sí òpó méjì, márùn-ún lápá òsì, márùn-ún lápá ọ̀tún.

Ìdùnnú yẹn kò ju ẹnu ọ̀nà yàrá náà lọ. Ọ̀rá bọ́tà tó ti kan ti rin ògiri láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí orí èèyàn ń kàn. Ìyẹ̀fun pò mọ́ òógùn lábẹ́ tábìlì, ó di ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Aáyán ń rìn lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀sán gangan bíi pé àwọn ló gba obìnrin náà síṣẹ́. Ààbọ̀ ọjọ́ ló fi fọ ògiri, omi tó ń ṣàn wálẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran, ẹ̀ẹ̀mejì ni èébì sì gbé e. Ẹ̀wù funfun nigínnigín ni Alàgbà ń wọ̀ kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìdí míì wà tí yàrá náà fi ń rí i lára. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, nídìí ààrò ilé búrẹ́dì yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́. Alàgbà kì í pa iná ààrò láti Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè. Ọdún méjì gbáko ni àbúrò náà kò ti ní ọjọ́ kan tí ara rẹ̀ lè pè ní tara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, oorun gbé e lórí ìdúró, apá rẹ̀ sì já lé irin gbígbóná, ó jóná láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Alàgbà gbàdúrà fún un, ó sì fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kó fi sinmi. Aṣọ tí wọ́n fi di egbò náà ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń rùn, ọwọ́ kan náà ló sì fi ń po ìyẹ̀fun tí ìlú ń jẹ.

Itan adìyẹ ni Alàgbà ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tó wá sọ ohun tó fẹ́. Ó fi ìka tó ń kán ọ̀rá sílẹ̀ tọ́ka sára ògiri tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ó sì fi àmì sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kò sí wàhálà lórí ìkíní, ìkejì àti ìkẹta. Lẹ́yìn náà ló gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì.

"Kẹrin yẹn, ti ọjọ́ ìsinmi yẹn, yọ ọ́. Ohun tó o máa kọ síbẹ̀ ni pé: Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ gbọ́ ti ọ̀gá yín nínú ohun gbogbo. Inú Ìwé Mímọ́ náà lòun náà ti wá, mi ò dá a sílẹ̀. Mẹ́wàá ṣì ni."

Akọ̀wé Ògiri wò ó bí ẹni tó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tó bá kòkòrò nínú rẹ̀. Ó ní mẹ́wàá yẹn kì í ṣe táyà ọkọ̀, tí èèyàn ń yọ ọ̀kan tó ń fi òmíràn rọ́pò. Alàgbà rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tó ń ba ayé yìí jẹ́ ni kí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ máa béèrè ọ̀rọ̀. Ó ní Ábúráhámù bi ta ni léèrè? Wọ́n ní kó mú ọmọ rẹ̀ lọ sórí òkè, kíá, ó di igi, ó mú ọ̀bẹ.

"Ẹni tó pàṣẹ fún Ábúráhámù kọ́ lẹ̀ ń jẹ́, ọ̀gá," obìnrin náà dáhùn. "Ẹni yẹn náà ló sì ní kó dá ọ̀bẹ dúró. Àwọn agbẹ̀bí ilẹ̀ Íjíbítì ńkọ́? Ọba ní kí wọ́n pa àwọn ọmọkùnrin, wọn ò pa wọ́n. Ṣé wọ́n gba ẹgba fún un lọ́run?"

Alàgbà fa mùdùnmúdùn inú eegun náà mu, ó sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Àwọn agbẹ̀bí yẹn," ó wí, "ṣé àbúrò wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi?"

Ó ju eegun sábẹ́ tábìlì, ó sì jáde. Kò tilẹ̀ yára rìn.

Bí Akọ̀wé Ògiri ṣe gun àkàbà ní Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Ó kọ ìkíní, ó kọ ìkejì, ó kọ ìkẹta, ó fo ìkẹrin, ó bọ́ sórí èyí tó ní ká bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, orí rẹ̀ ń ṣe tirẹ̀. Ó rí i pé bí olè paraku bá ní kéèyàn má jalè, olè jíjà ò torí ìyẹn di ohun rere. Bí ẹni mímọ́ bá sì ní kéèyàn jalè, ibi náà ṣì ni. Ó jẹ́ pé ẹnu tó pàṣẹ kọ́ ló ń sọ nǹkan di rere! Èrò náà gba ara rẹ̀ kan bí omi tútù, díẹ̀ ló kù kó já bọ́ lórí àkàbà. Bàbá rẹ̀ ò sọ èyí fún un rí. Nígbà tó dé ìkẹjọ, tó kọ ọ́ pé kéèyàn má jalè, ó ṣírò rẹ̀ pé ọjọ́ méjìléláàádọ́ta ni ọkùnrin yìí ń jí lára àbúrò òun lọ́dọọdún. Ó wá wo àlàfo tó kù lókè, ó sì mọ̀ pé òun máa kọ ohun tí wọ́n ní kí òun kọ. Ìyẹn ló rí i lára jù. Aáyán kì í mọ̀ pé òun jẹ́ aáyán. Òun mọ̀.

Àbúrò rẹ̀ gan-an ló wá tì í sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó yọ́ wá láti ìdí ààrò, ìyẹ̀fun ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ti gbọ́ ohun tó ń lọ, wọ́n sì ti ń bú u pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ di wòlíì sí wọn lọ́rùn. Ó fi ọwọ́ tó dáa di àkàbà mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Sọ́ńdè mi ti lọ ná. Ògiri ò lè dá a padà fún mi. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wí, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Ó kọ ọ́. Ọ̀dà pupa ló fi kọ ọ́, bíi tàwọn yòókù, lẹ́tà náà sì gún régé. Ó tún ẹ̀bá rẹ̀ ṣe, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Kò sí ẹni tó máa wò ó tó máa mọ̀ pé kì í ṣe orí Òkè Sínáì ló ti sọ̀ wá.

Ní ọ̀sán, Alàgbà kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, bí ogún èèyàn, ó ní kí wọ́n kà á sókè, kí wọ́n máa ṣe àmín sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó mú ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa búrẹ́dì jáde nínú ààrò, ó ń fi tọ́ka bíi tíṣà. Wọ́n ka ìkíní, wọ́n ń kùn. Ìkejì náà, ìkùn ni. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹrin, ohùn kan là jáde láàárín wọn, ó ga ju ti gbogbo wọn lọ. Àbúrò rẹ̀ ni. Ó na apá tí wọ́n dì sókè bí ẹni tó ń búra, ó ń ké pé kí àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́ ti ọ̀gá wọn nínú ohun gbogbo. Ojú Alàgbà ló ń wò, bóyá ó ti rí òun.

Akọ̀wé Ògiri gbọ́ ọ. Ìwé tirẹ̀ ni ọmọ ìyá rẹ̀ ń kà yẹn. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti wà lókè àkàbà. Ó ti ki àkísà bọ inú agolo tẹpẹntáìnì, ó sì nu òfin kẹrin náà. Ọ̀dà ò tíì gbẹ. Ó ṣàn wálẹ̀ lé bàbá àti ìyá lórí.

"Ta ló ní kó o nù ún?" Alàgbà béèrè.

"Kò sẹ́ni tó ní kí n nù ún, ọ̀gá."

Ọ̀rọ̀ náà ya òun alára lẹ́nu. Ní gbogbo ọgbọ̀n ọdún, nǹkan àkọ́kọ́ nìyí tó fi ọwọ́ yẹn ṣe tí ẹnikẹ́ni ò rán an.

Alàgbà ò bínú. Ì bá dáa kó bínú. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì nínú ọ̀dà, ó yíjú sí àbúrò, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ ní ó ti rẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó gun òkè kó bá a parí iṣẹ́. Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ọ̀gá rẹ̀. Ó gun òkè. Apá ọ̀tún ló jóná, apá ọ̀tún náà ló sì fi ń kọ̀wé. Lẹ́tà rẹ̀ ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ nínú ẹrẹ̀, ọ̀dà ń ṣàn wọ inú aṣọ tí wọ́n fi di egbò, ìrora ń hàn lójú rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Àwọn tó kù ń wo bàtà wọn. Alàgbà ní kí wọ́n wo ẹni tó mọ ìgbọràn. Wọ́n ní àmín. Akọ̀wé Ògiri rí i pé òun ti fi tẹpẹntáìnì wẹ ọwọ́ òun mọ́, ara àbúrò òun ni ìdọ̀tí rẹ̀ sì dà sí.

Yàrá wọn dojú kọra nínú ilé kan náà. Nírọ̀lẹ́, ó gbé omi àti ọṣẹ kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tú aṣọ náà, ó ń yọ ọ̀dà pupa kúrò létí egbò díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àbúrò ní Alàgbà ti ní kí òun tètè dé ní Sọ́ńdè, aago márùn-ún.

"Má lọ," ẹ̀gbọ́n wí.

"Ṣé àṣẹ lẹ̀ ń pa ni, àbí ẹ̀bẹ̀?"

Obìnrin náà dá ọwọ́ dúró. Òun ló tọ́ ọmọ yìí dàgbà, "ṣe báyìí, má ṣe báyẹn" ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń bá a sọ látilẹ̀. Àṣẹ gan-an ló fẹ́ pa. Ó tọ́ ọ wò lẹ́nu, ó korò.

"Ẹ̀bẹ̀ ni."

Àbúrò ní kó rọra, omi náà ń ta òun.

Ní Sọ́ńdè, aago márùn-ún lù, ilẹ̀kùn òdìkejì ò ṣí. Aago mẹ́fà lù. Akọ̀wé Ògiri jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rù Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ń bà á, kò sì kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méje lù, ó gbọ́ ọ: àbúrò rẹ̀ ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, láìbìkítà. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná gba orí òrùlé kọjá wá láti ìsàlẹ̀ òpópónà, obìnrin náà sì mọ iye èèyàn tó ṣì wà nídìí ààrò lọ́hùn-ún. Ó dìde, ó ti fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa, kí òórùn náà má bàa jí i.