Bàtà Kan Tó Kù Lẹ́sẹ̀ Lọ́yà Pinkham

Ẹ dé Tibbetts Mills, kí ẹ béèrè Alden Pinkham lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bàtà òjò ni wọn yóò kọ́kọ́ bá yín sọ kí wọ́n tó rántí pé lọ́yà ni. Ẹjọ́ Alden náà ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn ọ̀hún kiri, inú a sì máa bí i bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá fo ibi tó ti tẹ́ jù.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ kan láti apá gúúsù fẹ́ kọ́ ogún ilé sẹ́yìn ọ̀nà Meader, wọ́n sì gbà á ní lọ́yà. Obìnrin onímọ̀ ilẹ̀ kan ti sọ fún ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ìlú wa pé àbàtà ni ibẹ̀, pé omi ibẹ̀ ló ń bọ́ adágún, pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé sí i. Alden dìde, ó gbá kóòtù rẹ̀ mọ́ra, ó ní ilẹ̀ náà gbẹ bíi pẹpẹ ìwàásù. Ìgbìmọ̀ ní kò burú, kí gbogbo wọn pàdé níbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, kí wọ́n lọ fojú rí i.

Royce Haskell, tó ń ta ekòló fáwọn apẹja létí adágún, ò sí nínú ìgbìmọ̀ nígbà náà. Ó kàn wá wòran ni. Ó wo Alden láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúró sí ẹsẹ̀.

"Alden, bí ilẹ̀ yìí bá gbẹ bó o ṣe wí, kí ni bàtà òjò ń wá lẹ́sẹ̀ ẹ?"

"Ìrì ni mo ń sá fún."

"Ìrì! Ìrì wo ló ń dé orúnkún?"

Alden tún gbá kóòtù rẹ̀ mọ́ra. Ó kọjú sí àbàtà, ó gbé àyà síwájú, ó ń rìn lọ bí ọkọ ìyàwó. Ìṣísẹ̀ kẹrin ni ilẹ̀ gbé e mì dé itan. Láti inú ẹrẹ̀ ni lọ́yà ti na ọwọ́ sókè: "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò tíì rì dé ìdí." Kí akọ̀wé tó kọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ náà ti di irọ́.

Okùn ni wọ́n fi fà á jáde. Bàtà ẹsẹ̀ òsì ò bá a jáde ní tirẹ̀, ó wà níbẹ̀ dòní. Wọ́n gbé e gun òkè lọ síbi àpáta ńlá kan tí oòrùn ń pa, wọ́n mú un jókòó síwájú àpáta náà, níbi tó kọjú sí omi, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀ òsì. Ibẹ̀ ni oníbàárà rẹ̀ ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bàtà ọ̀tún tó ṣẹ́kù, ó gbé e sójú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́ títí tó fi kú.

"Ẹjọ́ kan ṣoṣo tí mo fi ara mi ṣe ẹlẹ́rìí nìyẹn," ni ó máa ń wí, "oníbàárà mi gan-an ni mo sì jẹ́rìí takò."

Láti ọjọ́ náà ló ti yí padà. Fún ọdún méjìdínlógójì, àbàtà, odò àti igbó ló ń gbẹjọ́ rò fún. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kó ẹrù wọn lọ, òun ló ra ilẹ̀ náà, ó sì kọ́lé kékeré sí orí òkè níbi tó jìnnà sómi dáadáa. Òun náà ló kọ òfin ilẹ̀ ìlú wa: láàárín àádọ́jọ ẹsẹ̀ bàtà sí àbàtà èyíkéyìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́ ilé, tàbí ahéré, tàbí ilé ajá.

Ọjọ́ tó ka òfin yìí níbi ìpàdé ìlú nínú oṣù kẹta, Royce wà lẹ́yìn pátápátá, dónọ́ọ̀tì sì kún ẹnu rẹ̀. "O gbàgbé sàréè!" ni ó kígbe. "Àbí àwọn òkú lè máa fẹsẹ̀ ṣeré nínú omi?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Alden nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ gègé, ó fi sàréè kún un, ó ní, "Ó ṣeun, Royce." Bẹ́ẹ̀ ni ìlú dìbò gba òfin náà wọlé. Ẹnu ẹyẹ ní í pẹyẹ.

Ọdún kejì, wọ́n wọn ahéré tuntun tí Royce ń kó ekòló sí, ẹsẹ̀ bàtà méjìdínláàádọ́jọ ló fi jìnnà sí àbàtà. Ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ló kù! Royce bẹ̀bẹ̀ títí, ó ní òun ti kọ́ ọ tán, kí wọ́n fojú fò ó. Alden kàn bi í léèrè ohun tó máa ń bi gbogbo ẹni tó bá wá bẹ̀bẹ̀ lórí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà: "Ta ló tì ọ́ síbẹ̀?" Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sún ahéré náà, Alden fúnra rẹ̀ wá bá wọn tì í, ṣòkòtò rẹ̀ sì ya láti ìdí dé ìgbànú. Royce ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́fà, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa ń ju sí i lójú títì: "Ta ló tì ẹ́ sínú àbàtà?"

Ìgbà yẹn ni Noreen Thibodeau dé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ òfin, ó wọ bàtà gogoro, ó rò pé ìwé ni wọ́n máa kó fún òun. Téèpù aṣọ gígùn tí wọ́n fi ń wọnlẹ̀ ni Alden gbé lé e lọ́wọ́.

"Ajá mi ti jẹ ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá àkọ́kọ́ nínú ẹ̀," ni ó wí. "Lórí mọ́kànlá ló ti bẹ̀rẹ̀. Ohunkóhun tó o bá kà, yọ mọ́kànlá."

"Ọ̀gá, ṣé a ò lè ra tuntun ni?"

"Ra tuntun, nígbà tí o mọ yíyọ?"

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán an, Noreen gbàgbé, kò yọ ọ́. Ó kọ lẹ́tà gbọọrọ sí opó kan pé ilé adìyẹ rẹ̀ wà níbi tó tọ́, kí ó fọkàn balẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, Alden ò bá a wí. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ opó náà, ó sì bá a kó àwọn adìyẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí Noreen bá ti mú ohunkóhun wá, ìbá ṣe ìwé ẹjọ́, ìbá ṣe ife kọfí, "Ṣé o ti yọ mọ́kànlá?" ni yóò bi í.

Àwọn méjèèjì jọ pàdánù ẹjọ́ tó pọ̀ ju èyí tí wọ́n borí lọ, a ò sì lè purọ́ mọ́ òkú. Ẹ jẹ́ n sọ ti pẹ́pẹ́yẹ. Alden fi awò awọ̀nàjíjìn rí pẹ́pẹ́yẹ kan lórí adágún láàárọ̀ mẹ́ta tẹ̀léra wọn, irú èyí tó ti fẹ́ẹ̀ tán láyé. Ó sáré lọ sí kóòtù kí wọ́n má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan etí adágún náà.

"Ọ̀gá," ni Noreen wí, "ṣé ẹ ti rí i tó fò?"

"Ẹyẹ tó níyì kì í fò kiri."

Lọ́jọ́ ẹjọ́, lọ́yà kejì fa pẹ́pẹ́yẹ náà yọ láti inú àpò, ó gbé e sórí tábìlì. Igi ni. Èyí táwọn ọdẹ ń gbé sórí omi láti fi tan pẹ́pẹ́yẹ ni, wọ́n sì fi ọ̀bẹ kọ orúkọ Royce Haskell sí abẹ́ rẹ̀.

Adájọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Lọ́yà Pinkham, ṣé ẹlẹ́rìí yín rèé?"

"Òun ni, Olúwa mi. Mo sì fẹ́ kí kóòtù ṣàkíyèsí pé òun nìkan ni kò tíì purọ́ lónìí."

Noreen ti fi fáìlì bo ojú. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Alden ní kí ó yà síbi ahéré ekòló. Ó wọlé lọ sọ ọ́ fún Royce kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Noreen ń gbọ́ ẹ̀rín Royce láti inú ọkọ̀, lẹ́yìn náà ó ń gbọ́ ẹ̀rín méjì. Ọjọ́ náà ni ìjà ọdún mẹ́fà parí.

Nínú oṣù kejì ọdún tó kọjá, àìsàn dá Alden dùbúlẹ̀. Kò láya, kò bímọ. Noreen ló jókòó tì í nílé ìwòsàn.

"Ẹ̀bá àpáta tí wọ́n ti lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni kí o sin mí sí," ni ó wí. "Iwájú rẹ̀ o, kí n lè máa rí omi. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò."

"Òfin ńkọ́, Ọ̀gá? Ṣé ẹ ti wọ̀n ọ́n?"

"Mo ti wọ̀n ọ́n. Àádọ́jọ géérégé. Àbí ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?"

"Mo ṣèlérí, Ọ̀gá. Iwájú àpáta."

Ó kú lọ́jọ́ kẹta. Ilẹ̀ ti dì gbagidi, wọ́n sì tọ́jú òkú rẹ̀ di oṣù karùn-ún, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá kú nígbà òtútù. Kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ní láti wá wọ̀n ọ́n kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ta sì ni alága ìgbìmọ̀ báyìí? Royce Haskell ni.

Wọ́n pàdé níbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, kòkòrò dúdú sì ń jẹ gbogbo wọn létí. Téèpù àtijọ́ ni Noreen mú wá, torí ó rò pé òun ló yẹ Ọ̀gá. Royce di orí téèpù mú létí àbàtà, Noreen sì fà á gun òkè dé iwájú àpáta.

"Èló?" ni Royce kígbe.

"Àádọ́jọ."

Ara tu gbogbo wọn. Royce ṣí fìlà, ó yọ bírò, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Àádọ́jọ géérégé. Ìwọ Alden yìí! Kò lè ṣe kó má bá òfin mu."

Ìgbà náà ni Noreen rántí ajá. Lọ́yà tó fi téèpù yìí dá a lẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti wọn sàréè ara rẹ̀, kò sì yọ ọ́. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá pa ẹnu mọ́, ìlérí ti ṣẹ, Ọ̀gá yóò sì máa wo omi rẹ̀ títí ayé. Bírò Royce ti kan ìwé. Ó wu Noreen kó dákẹ́, ó wù ú gan-an ni.

"Ẹ dúró," ni ó wí. "Ẹ wo orí téèpù yẹn. Ẹ yọ mọ́kànlá."

Royce wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rí ojú eyín ajá. Mọ́kàndínlógóje. Bí wọ́n bá sún un sókè débi tó tọ́, ẹ̀yìn àpáta ni yóò bọ́ sí, àpáta yóò sì dí i lójú.

"Ẹnu mi ló fa sàréè wọnú òfin yẹn," ni Royce wí. "Ẹ jẹ́ ká yọ̀ǹda fún un, jàre. Ta ló máa fẹjọ́ sùn?"

"Òun ni," ni Noreen wí. "Ta ló sì tì í síbẹ̀?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn pátá. Ẹ̀rín náà ni Noreen ń rín lọ tó fi di ẹkún, kò sì wá ibi tí yóò fi ojú pamọ́ sí. Royce lọ dúró tì í.

Ẹ̀yìn àpáta ni wọ́n sin ín sí, ní àádọ́jọ, wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń lọ, Noreen lọ mú bàtà òjò ẹsẹ̀ ọ̀tún wá láti inú ọkọ̀. Royce gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i wò.

"Òfin ńkọ́?"

"Ilé ni òfin dárúkọ, àti ahéré, àti ilé ajá, àti sàréè."

"Kò dárúkọ bàtà?"

"Kò dárúkọ bàtà, sà."

Royce kúnlẹ̀ síwájú àpáta, orúnkún rẹ̀ ń dún. Ó gbé bàtà náà kalẹ̀, ó kọ imú rẹ̀ sí omi, ó sì kó òkúta kéékèèké sínú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ó pẹ́ kó tó dìde.

"Ó dáa, Alden," ni ó wí. "Máa wò ó láti ibẹ̀."

Noreen ká téèpù, ó fi í sápò. Títí dòní kò tíì ra tuntun.