Kọ̀ǹpútà tí Àbúrò Mi Fi Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹkún tó dí mi lọ́nà: gbogbo àwòrán àbúrò mi tó ṣẹ́ kù láyé, inú kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ àwọn òbí mi ní Jakande Estate, ní Ìsọlọ̀, ni wọ́n wà. Èmi ò sì mọ̀.

Òun ló ra kọ̀ǹpútà náà, tòkunbọ̀ ni. Kò pẹ́ tó parí àgùnbánirọ̀ tí ìjàǹbá ọkọ̀ fi pa á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa sọ ìyẹn. Ọ̀fọ̀ ni, nítorí náà àwọn àbúrò bàbá mi ti Èkìtì wá, wọ́n sin ín láì jẹ́ kí bàbá àti ìyá mi fojú kan sàréè. Wọ́n wá já gbogbo àwòrán rẹ̀ lára ògiri, wọ́n kó álíbọ́ọ̀mù, wọ́n kó aṣọ, wọ́n ní ojú tí kò bá rí i kò ní sunkún. Irọ́ ńlá gbáà! Fóònù tí gbogbo wa ń lò nígbà yẹn kò ní kámẹ́rà, tọ́ọ̀ṣì nìkan ni. Ṣùgbọ́n wọn ò rántí kọ̀ǹpútà.

Orúkọ àbúrò mi ni àwọn alájọgbé wa fi ń pe ìyá mi tẹ́lẹ̀, torí òun ló ń bá gbogbo wọn gbé omi gòkè. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, orúkọ mi ni wọ́n wá ń fi pè wọ́n. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú bí mi débi pé n ò kí ẹni tó pè é. Nínú ilé gan-an, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ mọ́. Bàbá mi ò dá a, ìyá mi ò dá a. Èmi náà bá wọn dákẹ́.

Bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orí kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n ti ń tẹ àkọsílẹ̀ ìpàdé, tọmọdé tàgbà ẹgbẹ́ sì ń gbé fláàṣì wá bá wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí nílé ọkọ mi ní Ire-Akari, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ń ṣàìsàn. Gbogbo fódà ti ní ọfà kékeré lára, béèyàn bá ṣí wọn, kò sí nǹkan kan nínú wọn. Èyí tó wá dun bàbá mi jù ni pé fláàṣì tí wọ́n mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti kó bá kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ibẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ níṣojú ìgbìmọ̀ pé ilé wa ni àrùn náà ti wá. Ojú tì wọ́n bí ẹni tó jí owó ọrẹ.

Mo mú ẹnjiníà kan lọ, bàbá ọlọ́mọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ẹ́sítéètì wa. Ó ní wọ́ọ̀mù ni, fúnra rẹ̀ ló ń rìn láti inú fláàṣì bọ́ sínú kọ̀ǹpútà, tó tún ń bá fláàṣì míì jáde. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ńṣe ló fi àwọn fáìlì pamọ́, òun lè gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti wá wọn, ṣùgbọ́n ó máa pẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí òun fọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, kó mọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó wá yíjú sí àwọn òbí mi.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ẹ ò fẹ́ kó sọ nù?”

Bàbá mi wo ìyá mi. Ìyá mi ń wo ilẹ̀, wọ́n ń tú òwú létí ìró wọn.

“Kò sí nǹkan kan,” ni ìyá mi wí.

Bàbá mi ní kó fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́, ó fi ètò ìṣiṣẹ́ tuntun sí i, mo sì kí i pé ó ṣeun.

Bí bàbá mi ṣe sìn ín dé ìsàlẹ̀ ni ìyá mi gbá mi lọ́wọ́ mú. Wọ́n rọra béèrè bóyá àwòrán àbúrò mi ò bá a lọ. Mo ní àwòrán wo? Wọ́n ní gbogbo ìgbà tí bàbá mi bá ti lọ sípàdé làwọn máa ń tan kọ̀ǹpútà wò ó, pé àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló kọ́ àwọn níbi táwọn máa tẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Wọn ò lè sọ ọ́ níwájú bàbá mi, kí wọ́n má baà ṣí egbò ọkùnrin náà. Mo sáré pe ẹnjiníà lórí fóònù. Ó ní ohun tí òun ti fọ̀ dànù kò lè padà mọ́.

Ìyá mi jókòó sórí àga. “Wọ́n ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù,” ni wọ́n wí. “Tèmi kú, ó tún wá nù.”

Orí mi gbóná. Mo bínú sí àwọn ará Èkìtì, mo bínú sí ṣọ́ọ̀ṣì àti fláàṣì wọn, mo sì bínú jù sí bàbá mi tó ní kí wọ́n fọ̀ ọ́. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn, ọ̀rọ̀ ti kún mi lẹ́nu. Wọ́n dá dúró nídìí àtẹ̀gùn. Kí n tó lanu, wọ́n ti béèrè.

“Àwọn àwòrán yẹn, ṣé ọkùnrin yẹn kó wọn pamọ́ kó tó fọ̀ ọ́?”

Àṣé gbogbo àárọ̀ tí wọ́n ní àwọn ń tẹ àkọsílẹ̀ ìpàdé, ọmọ wọn ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní nígbà tí ìyá mi ti sọ pé kò sí nǹkan kan, àwọn rò pé ìyá mi ò fẹ́ fojú kan àwọn àwòrán náà mọ́ ni.

Mo fà wọ́n lọ́wọ́ gòkè, mo ní kí wọ́n tún un sọ níwájú ìyá mi. Wọ́n sọ ọ́. Ìyá mi bi wọ́n léèrè:

“Èwo lẹ máa ń wò?”

Bàbá mi ní èyí tó wọ kákí àgùnbánirọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń yà á. Wọ́n dárúkọ rẹ̀, fúngbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìyá mi ní tàwọn ni èyí tó ń jẹ àgbàdo, tí àgbàdo bo ìdajì ojú rẹ̀. Bàbá mi ní àwọn ò rí ìyẹn rí, ibo ló wà? Ìyá mi nawọ́ sí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tó rántí.

Mo jókòó níwájú rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Kò sí ọ̀kan tí mo lè ṣí fún wọn.