Àgádágodo Ara Páànù

Ọjọ́ tí ọkùnrin aṣekọ́kọ́rọ́ kan já wọ ilé ìdáná ilé oúnjẹ àdúgbò rẹ̀ láìgbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni òkìkí rẹ̀ kàn. Ẹja díndín ló ní kí wọ́n gbé wá. Kò béèrè bó ṣe tóbi tó. Ó kàn na imú sórí epo tó ń hó, ó yíjú sí alásè.

"Ìyá alásè, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ti kọ́kọ́ wẹ̀ nínú epo yìí kó tó kan ẹja mi?"

Alásè fọwọ́ lẹ́rán. "Wẹ̀ kẹ̀? Ṣé odò lẹ rò pé ẹ wá ni, Bàbá?"

"Ẹ ṣáà dá mi lóhùn."

"Adìẹ tí a fi fúláwà bò ni. Ṣé ó ti dẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́, ìyá. Àmọ́ èmi ni màá jìyà rẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo èyí láti ìdí tábìlì. Ó ń ṣe é bíi kí ilẹ̀ là kóun kó sí i.

Ara ọkùnrin náà ni kò gba àlìkámà, ohun tí wọ́n fi ń ṣe fúláwà àti búrẹ́dì. Ó pẹ́ tí inú ti ń run ún, tó ń rù, tí wọ́n ń gbàdúrà, kí oníṣègùn tó rí i pé àlìkámà ló ń bá ìfun rẹ̀ jà. Kò sí oògùn rẹ̀ ju kó má jẹ ẹ́ mọ́ láé, títí kan ìwọ̀nba tó bá lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Ọkùnrin tó jẹ́ pé búrẹ́dì ló fi ń la ojú láàárọ̀! Ó gbọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà: "Dókítà, èèpo ẹ̀yìn búrẹ́dì ńkọ́?"

Láti ìgbà náà ni ọ̀bẹ rẹ̀, síbí rẹ̀ àti ìkòkò rẹ̀ ti wọnú kọ́bọ́ọ̀dù kan tó fi àgádágodo tì.

"Bàbá, ta lẹ ń tì í mọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í. "Ṣebí àwa méjì péré la wà nílé."

"Mo fọkàn tán ọ. Búrẹ́dì rẹ ni mi ò fọkàn tán."

Bí obìnrin náà ṣe di ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì lẹ́yìnkùlé nìyẹn, lóòró, bí ẹni tó jí i. Ọkọ rẹ̀ á yọjú lójú fèrèsé.

"Ṣé ó rọ̀?"

"Ó rọ̀, Bàbá."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó bá ọ lára mu."

Ní ìjọ, arákùnrin kan sọ fún aṣekọ́kọ́rọ́ pé bó bá nígbàgbọ́ lóòótọ́, kó bu búrẹ́dì sẹ́nu kó máa wo iṣẹ́ Olúwa. Ó ní, "Arákùnrin, ìgbàgbọ́ tèmi wà ńlẹ̀. Ìfun mi ni kò tíì di àtúnbí."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tó kúnlẹ̀ nílé, ó bi Ọlọ́run léèrè: Ìwọ tó dá àlìkámà, Ìwọ náà lo dá ìfun ọkọ mi, kí ló dé tí O kò parí ìjà wọn? Kò gbọ́ èsì. Ó ṣe Àmín síbẹ̀, nítorí ẹni tó bá ní kóun gbọ́ èsì kóun tó ṣe Àmín, orí ìkúnlẹ̀ ni ilẹ̀ á ṣú u sí.

Ọ̀rọ̀ ẹja ò parí o. Aṣekọ́kọ́rọ́ padà sí ilé oúnjẹ pẹ̀lú páànù tuntun fún ẹja tirẹ̀ nìkan, ó gbé e kọ́ ògiri ilé ìdáná, ó fi ṣéènì dè é, ó sì fi àgádágodo tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tì í.

Alásè pariwo. "Ẹ̀wọ̀n lẹ fi páànù sí yìí! Kí ló ṣe?"

"Kò tíì ṣe nǹkan kan. Mi ò fẹ́ kó bẹ́gbẹ́ burúkú rìn ni."

Wọ́n jà títí wọ́n fi di tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Bí alásè bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, á ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú: "Mo ti fọ̀ ọ́ o!"

Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé, ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìfun tó ti ń ṣọ́ bí ẹni ṣọ́ olè, koko lara rẹ̀ le.

Opó rẹ̀ wá lè jẹ búrẹ́dì níbi tó bá wù ú. Ẹ̀yìnkùlé náà ló ń gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó yọjú lójú fèrèsé. Ó so kọ́kọ́rọ́ páànù náà mọ́ etí ìborùn rẹ̀, kò sì jẹ́ kó kúrò lára rẹ̀.

Ìgbà tó yá, alásè wá kí i. "Màmá, olùkọ́ obìnrin kan ń wá sọ́dọ̀ wa. Àìsàn Bàbá gan-an ló ń ṣe é. Omi ló máa ń mu bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń jẹun. Ẹ bá mi mú kọ́kọ́rọ́ yẹn wá."

"Ẹ ra páànù míì fún un."

"Mo lè rà á. Àmọ́ èyí tí Bàbá tì yẹn ló rí tó fi ní òun á lè jẹun lọ́wọ́ mi. Àbí kí n gé ṣéènì ni? Bàbá á jí dìde bá mi!"

Opó náà bá a lọ sí ilé oúnjẹ, àmọ́ kò tíì pinnu. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló ti àgádágodo yẹn kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti ṣí i, kò sí ohun tí ọwọ́ yẹn tì tó ṣì wà ní títì mọ́. Ó dúró níwájú páànù, ó di kọ́kọ́rọ́ mú pinpin. Olùkọ́ náà wọlé, ó kúnlẹ̀ kí i, ojú ń tì í.

"Màmá, ẹ má bínú o. Kí wọ́n tó gbé e kaná… kí ni wọ́n ti ń dín nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Alásè wo opó, opó wo alásè. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì, omi ń bọ́ lójú wọn, olùkọ́ ń wò wọ́n tìyanu-tìyanu.

"Ẹja ni, ọmọ mi," ni opó náà wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Ẹja nìkan." Ó ṣí i. Ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìborùn, ó fi í lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́. "Má sọ ọ́ nù o. Ẹni tó ṣe é ò sí mọ́."

Ohun tó béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run kọ́ nìyí. Ó ṣe Àmín náà.

Ó ra búrẹ́dì bó ṣe ń lọ sílé. Ẹ̀yìnkùlé ló ti jẹ ẹ́, ó kọjú sí fèrèsé. Ó bu òkèlè kìíní, ó jẹ ẹ́.

"Ó rọ̀, Bàbá," ló wí.