Ìyà Tó Kọ́ Mi ní Básíkẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ajégúnlẹ̀, kò sí ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, básíkẹ́ẹ̀tì wa yẹn, jù mí lọ. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ẹgbẹ́ wa léèrè: ta ló ń dúró sẹ́yìn ìlà tó ń ju àmì mẹ́ta? Èmi ni!

Ìbẹ̀rẹ̀ ló le. Irin róbótó tí wọ́n gé lẹ́nu dúrọ́ọ̀mù epo la kàn mọ́ pátákó, bọ́ọ̀lù wa sì wúwo bí òkúta. Kí n tó jù ú, mo máa ń kọ́kọ́ gbé e wá sí ìbàdí, kí n wá fi gbogbo ara tì í lọ sókè. Ó ń wọlé o! Àmọ́ kí n tó gbé e dé orí, Fúráídè, ọmọkùnrin gíga bí òpó iná, á ti gbá a dànù.

"I don chop am!" Fúráídè á ké pé òun ti jẹ ẹ́, gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé garawa omi lo fẹ́ gbé rù ni?" Bọ̀dá Mufú tó ń kọ́ wa ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá là á mọ́lẹ̀: bí Fúráídè bá tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Sátidé, n kò ní bá ẹgbẹ́ wa lọ bá àwọn ọmọ àdúgbò Liverpool Road figagbága. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá Màámi, pẹ̀lú ẹja ṣáwá tó ń ta sánsán, ìdúró ni mo ti ń jẹ ẹ́, kí n lè tètè padà sídìí bọ́ọ̀lù.

Lọ́jọ́rú, mo sá kúrò ní ilé kéú lọ ju bọ́ọ̀lù. Màámi ti gbọ́ kí n tó délé. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbé bọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ràn ju kéú lọ sókè orí. Wọ́n ń rẹ́ ilá, pàṣán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ọwọ́ tó bá sọ̀kalẹ̀ á jẹ pàṣán!" Ìgúnpá tó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ náà á jẹ tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wọlé lọ bu iyọ̀, mo fi ọrùn ọwọ́ nìkan ta bọ́ọ̀lù náà mọ́ ògiri iwájú mi. Ó padà wá bá ọwọ́ mi lókè. Mo tún ta á. Àṣé bọ́ọ̀lù kò ní nǹkan kan tó ń wá lọ sí ìbàdí! Ìgúnpá á wà lábẹ́ rẹ̀, ọrùn ọwọ́ á tẹ̀ síwájú bí ẹni ń juwọ́ ó dàbọ̀. Orúnkún ló kù: tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó dé, agbára ẹsẹ̀ á gbé e dé inú irin.

Ní Sátidé, mo kánjú nígbà tí mo ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ìgúnpá yà, bọ́ọ̀lù lu irin, ó fò sínú gọ́tà. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, orúnkún mi ti tẹ̀ sílẹ̀ dè é. Bó ṣe dé ló lọ. Fúráídè fò, afẹ́fẹ́ ló gbá. Bọ́ọ̀lù wọlé láìkan irin.

"Ah-ah! Who teach you?" Fúráídè béèrè ẹni tó kọ́ mi.

"Màámi ni!"

Bọ̀dá Mufú ní kí n lọ fọ jẹ́sì mi de àwọn ọmọ Liverpool Road.

Lóde òní, bàtà gidi wà lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ mi, inú fóònù ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jù ú. Ìdúró wọn wuyì. Ṣùgbọ́n wọ́n á gba bọ́ọ̀lù tán, wọ́n á gbá a nílẹ̀, wọ́n á wo ìlà, wọ́n á wo ẹni tó ń ya fídíò. Mi ò na ẹnikẹ́ni o. Ayé pàṣán ti lọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àkọ́bí mi, tó ti ga jù mí lọ, ní, "Dádì, ẹ rọra o, ẹ ti dàgbà." Mo ní kí àbúrò rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù sí mi, kí àkọ́bí náà wá dènà. Ó ṣì ń na ọwọ́ sókè nígbà tí àwọ̀n dún lẹ́yìn rẹ̀.